Fíìmù tí Ẹ̀rọ Géèmù Kò Ṣí: Èdè-Ìperí Mẹ́ta

Bí ẹ̀rọ géèmù bá kọ̀ láti ṣí fíìmù tí a gbé fún un, ohun tí ó máa ń yá wa lẹ́nu ni pé fíìmù náà 'ti bàjẹ́'. Ọ̀rọ̀ yìí léwu. Ohun tí ó bàjẹ́ ni a ń dà nù. Bẹ́ẹ̀ ni fíìmù ìsìnkú tàbí ti ìgbéyàwó tí kò ní ẹ̀dà mìíràn ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ìṣòro náà ti pẹ́. Ará Àjàngbádì tí ó ra fíìmù Yorùbá lórí VCD ní ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ kò lè wò ó lórí PlayStation 2, tí ó jáde ní 2000. DVD ni ẹ̀rọ náà ń gbà, kì í gba VCD. Àwo kò bàjẹ́, ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Wọn kò gbédè ara wọn ni. Lóde òní tí fíìmù wà lórí fíláàṣì, a dábàá èdè-ìperí mẹ́ta wọ̀nyí.

(i) Àpò: ohun tí ó kó àwòrán àti ohùn pọ̀ sínú fáìlì kan. MP4, AVI àti MKV jẹ́ orúkọ àpò. PlayStation 3, tí ó jáde ní 2006, mọ MP4 àti AVI. Kò mọ MKV.

(ii) Ìfúnpọ̀: ọ̀nà tí a gbà fún àwòrán pọ̀ kí ó má baà gba àyè púpọ̀. A kò pè é ní 'ìdínkù', nítorí pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tún un tú kí àwòrán tó hàn. PlayStation 3 lè tú H.264 ti ọdún 2003. Kò lè tú H.265 tí ó dé ní 2013, tí ọ̀pọ̀ fóònù ń lò nísinsìnyí. Nítorí náà, MP4 kan lè ṣí kí èkejì má ṣí: àpò kan náà ni, ẹrù inú wọn ló yàtọ̀. Yíyí orúkọ fáìlì padà kò ràn án. HandBrake, tí a kì í sanwó fún, lè sọ ọ́ di H.264.

(iii) Ètò-ìpamọ́: ọ̀nà tí fíláàṣì ń gbà to fáìlì. FAT32 ni PlayStation 3 mọ̀, FAT32 kò sì gba fáìlì kan tí ó tó 4 GB. PlayStation 4 ń ka exFAT, tí ó gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó yí ètò-ìpamọ́ padà, kí a kọ́kọ́ kó ẹrù inú fíláàṣì sí ibòmíràn, nítorí yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ìlò wọn nìyí. Bí ẹ̀rọ kò bá rí fíláàṣì rárá, ètò-ìpamọ́ ni kí a yẹ̀ wò. Bí ó bá rí fáìlì ṣùgbọ́n tí kò ṣí i, kí a fi VLC wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Bí ó bá ṣí níbẹ̀, àpò tàbí ìfúnpọ̀ ni. VLC yóò sì sọ orúkọ ìfúnpọ̀ náà fún wa. Fáìlì tí kò bá ṣí níbì kankan nìkan ni ó yẹ kí a fura sí pé ó bàjẹ́.