Kì í ṣe gbogbo ooru ara ni palu

Ní agbègbè Atakpamé wa níbí, bí ìyá ẹni ọdún 47 bá sọ pé ara òun ń gbóná lóru, ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni "palu". Wọ́n á ra oògùn fún un lọ́jà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ooru ọ̀hún á tún dé, wọ́n á tún ra òmíràn. Owó ń lọ, oorun ò wá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó lè jẹ́ pé nǹkan oṣù rẹ̀ ló ń múra àtilọ.

Lọ́dọ̀ àwọn dókítà, ménopause ti dé nígbà tí obìnrin bá lo oṣù 12 gbáko láìrí nǹkan oṣù, tí kò lóyún, tí kò fọ́mọ lọ́mú, tí kì í sì í ṣe oògùn ló dá a dúró. Láàárín ọdún 45 sí 55 ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ti máa ń yí padà fún ọdún mélòó kan ṣáájú ìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà pọ̀ sí.

Ara obìnrin kì í pèsè ẹyin tuntun. Gbogbo ẹyin tó máa lò láyé ló ti wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, bíi mílíọ̀nù kan sí méjì. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń dín kù. Àpò kékeré tó yí ẹyin kọ̀ọ̀kan ká ló ń pèsè œstrogène, họ́mọ̀nù tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé lọ jíṣẹ́ fún ilé ọmọ, egungun, awọ ara àti ọpọlọ. Tí ẹyin bá jáde, progestérone náà á wá. Nígbà tí ẹyin bá kù díẹ̀, oṣù míì á wà tí kò ní jáde rárá. Progestérone ò ní wá, œstrogène á máa lọ sókè sódò. Ìdí nìyẹn tí nǹkan oṣù fi ń dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó tún fi ń pẹ́ tó oṣù méjì, tó sì máa ń ya wá nígbà míì.

Ooru náà ńkọ́? Ibi tó ń ṣètò ooru ara nínú ọpọlọ ni àyípadà yìí ń dà láàmú. Ooru díẹ̀ báyìí, ó ti kà á sí púpọ̀. Ojú á gbóná, òógùn á bo ara, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ òtútù á mú un. Ibà kì í lọ kíá bẹ́ẹ̀. Àmọ́ palu pọ̀ lọ́dọ̀ wa, torí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe méfò: dispensaire ní test rapide, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka ló gbà. Tí wọn ò bá rí palu, oògùn palu ò wúlò.

Obìnrin tó jáde sí àgbàlá ní aago méjì òru torí pé aṣọ rẹ̀ ti rin gbindin, kò lọ ìpàdé kankan o. A ń sọ ọ́ nítorí a mọ ohun tí wọ́n ń fi irú ìjáde bẹ́ẹ̀ pè ní abúlé. Irọ́ sì ni pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ń kó jọ sínú ikùn di àìsàn: ara ò ṣe é mọ́ ni.

Ẹ̀yin ọkọ, ojú ara tó gbẹ máa ń dun obìnrin. Kì í ṣe pé ó ti rí ọkùnrin míì. Gel wà fún un ní pharmacie. Oyún sì ṣì lè wọlé títí ọdún kan gbáko á fi pé láìrí nǹkan oṣù, tí obìnrin ò bá sì tíì pé 50, ọdún méjì ni kó fi ṣọ́ra.

Egungun náà ń di ẹlẹgẹ́. Wàrà sójà, ẹja kékeré gbígbẹ tí a jẹ teegunteegun àti ewé adémè dára fún un.

Ẹ má fi ìyókù dúró: ẹ̀jẹ̀ tó tún yọ lẹ́yìn ọdún kan tó ti dáwọ́ dúró, bó jẹ́ ẹ̀kán kan, nítorí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ̀jẹ̀ tó ń rin aṣọ láàárín wákàtí kan sí méjì, nǹkan oṣù tó lọ kí obìnrin tó pé 40. Dispensaire á fi yín ránṣẹ́ sí CHR Atakpamé tó bá yẹ. Oògùn họ́mọ̀nù wà, dókítà ló ń kọ ọ́, kì í ṣe fún ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ máa sàmì sí ọjọ́ tí nǹkan oṣù dé àti ọjọ́ tó lọ lórí kàlẹ́ńdà: ohun tí sage-femme máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.