Iye Tí Ọjà Pe Ilé àti Iye Tí Ìjọba Pè É

Ọ̀rọ̀ owó-orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní 1918, ọdún tí a kọ́kọ́ gbé e ka àwọn ènìyàn wa, Ogun Adùbí bẹ́ sílẹ̀. Ní 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, dìde sí owó-orí àwọn obìnrin, títí Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ owó-orí ilé láàárín wa, kí ó fi ọgbọ́n sọ ọ́.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ láti díyelé ilé onílé, kí ó sì gba owó tí Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ bá là sílẹ̀ lórí rẹ̀. A kò bá àṣẹ yìí jà, nítorí owó ni a fi ń tún ọ̀nà àti gọ́tà ṣe. Ohun tí a ń béèrè ni pé: ojú wo ni adíyelé fi ń wo ilé?

Ẹ wo Ìbarà. Ìlú àtijọ́ ni, ó ní Olúbarà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n GRA wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Abẹ́òkúta sì ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn láti 1976. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ilé kan níbẹ̀ lè ta ní mílíọ̀nù 10 náírà, tí òmíràn lè ta ní mílíọ̀nù 50. Bí olúkúlùkù bá san 20,000 náírà, onílé kékeré san náírà 2 lórí 1,000 náírà kọ̀ọ̀kan, onílé ńlá sì san 40 kọ́bọ̀ péré. Tálákà ni ó ru ẹrù olówó.

Bákan náà ni ó ń rí nígbà tí ìdíyelé bá di ti àtijọ́. Ní England, iye tí ilé ìbá tà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1991 ni a ṣì fi ń pín ilé sí ìsọ̀rí fún owó-orí, àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Peckham sì ń san án bẹ́ẹ̀. Àdúgbò tí ọjà ti gbé ga láti ìgbà náà àti èyí tí ó wà lójú kan, ìwé àtijọ́ kan náà ni a fi ń wọ̀n wọ́n.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi àtúnṣe ìdíyelé bo ẹ̀kúnwó mọ́lẹ̀. Bí iye gbogbo ilé bá di ìlọ́po méjì, tí ìjọba sì dín ìpín tí ó ń gbà kù sí ìdajì, kò sí ẹni tí owó rẹ̀ yóò lé. Nígbà tí Èkó yí òfin owó ilẹ̀ àti ilé padà ní 2018, tí owó sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo ta. Ìjọba dín in kù, ó sì tún dín in kù ní 2020.

Ohun kan ṣì kù. Iye ilé kì í ṣe owó ọwọ́. Tíṣà tí ó ti fẹ̀yìntì, tí ń gbé ilé tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀, kò di olówó nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé kì í ṣe iṣu tí a lè gé díẹ̀ níbẹ̀ tà láti san owó-orí.

Èrò tiwa ni pé kí iye tí ìjọba pe ilé máa tẹ̀lé iye ọjà, kí a máa tún un ṣe lóòrèkóòrè, kí a lẹ̀ ẹ́ síta fún gbogbo ènìyàn láti rí, kí a ṣe ìrọ̀rùn fún arúgbó tí ń gbé ilé ara rẹ̀, kí ẹni tí ó bá rò pé a rẹ́ òun jẹ sì ní ibi tí yóò pe ẹjọ́ sí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ la ìṣirò yìí yé àwọn ará ilé yín. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí olùdíje yín bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í bí yóò ti ṣe é. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.