Kí ẹ tó ra ilẹ̀ tí iléeṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ rí: bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé májèlé wà lábẹ́ rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń kó o kúrò

Iléeṣẹ́ kógbá sílé, wọ́n tú ẹ̀rọ, wọ́n ta páànù òrùlé, ó wá ku ilẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á gé e sí pulọ́ọ̀tì, wọ́n á tà á fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Onílé tuntun á gbẹ́ kànga kó tó gbé búlọ́ọ̀kù dé. Omi náà á mọ́ gaara, gbogbo ará ilé á sì máa mu ún. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Òjé tó wà nínú omi kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹnu ò sì lè tọ́ ọ wò.

Ẹ ò ní tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ Ògìjó ní ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́dún 2025. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún èèyàn 70, méje nínú mẹ́wàá ni òjé ara wọn ti dé ìwọ̀n tó ń ṣe ìpalára. Ìjọba ti àwọn iléeṣẹ́ kan pa. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti géètì ò lè kó òjé kúrò nínú ilẹ̀. Òjé kì í jẹrà bí ewé. Ní Olódó, n'Ìbàdàn níbí, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ṣàyẹ̀wò ibi kan tí wọ́n da ìdàrọ́ iléeṣẹ́ bátìrì sí, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ. Òjé ṣì pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ilẹ̀ náà.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀? Kì í ṣe ṣọ́bìrì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé. Ìbéèrè ni: kí ni wọ́n ń ṣe níbí? Níbo ni wọ́n ri táǹkì epo mọ́? Ẹ̀yìn ilé wo ni wọ́n ń da ìdọ̀tí sí? Òṣìṣẹ́ àtijọ́ kan tàbí ẹni tó ń ṣọ́ géètì nígbà náà lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ju ìwé lọ. Nígbà mìíràn, ìwé gan-an ti sọ ọ́, àwọn èèyàn ló kọ etí ikún sí i. Ní Love Canal, nílùú Niagara Falls ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Hooker Chemical ri nǹkan bíi 21,000 tọ́ọ̀nù kẹ́míkà mọ́lẹ̀ láàárín 1942 sí 1953. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ta ilẹ̀ ọ̀hún fún ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní dọ́là kan péré. Ìwé tí wọ́n fi tà á sọ pé kẹ́míkà wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lé e lórí náà ni, ilé sì yí i ká. Ọdún 1978 ni ìjọba wá kéde pàjáwìrì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹbí kúrò níbẹ̀. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1980, pé ẹni tó ba ilẹ̀ jẹ́ ni yóò sanwó àtúnṣe, ìṣẹ̀lẹ̀ yìí wà lára ohun tó bí i.

Lẹ́yìn ìbéèrè ló kan ilẹ̀ wíwà. Wọ́n á bu iyẹ̀pẹ̀ lókè, wọ́n á bù ú nísàlẹ̀, níbi púpọ̀, wọ́n á gbé e lọ sí láàbù. Ti omi abẹ́ ilẹ̀ ló ní ọgbọ́n nínú. Kànga kéékèèké mẹ́ta, ó kéré tán, ni wọ́n máa ń gbẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ wà lórí ìlà kan. Wọ́n á wọn bí omi ṣe ga tó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí ni yóò fi ọ̀nà tí omi ń ṣàn gbà hàn wọ́n. Nítorí náà, ilé tó fara kan ògiri iléeṣẹ́ lè bọ́, kí ti ẹni tó jìnnà, àmọ́ tí omi ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, bàjẹ́.

Ìwà májèlé náà yàtọ̀ síra. Òjé sábà máa ń jókòó sí òkè ilẹ̀, inú eruku àti ọwọ́ àwọn ọmọdé tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré. Bẹntiróòlù àti dísù máa ń rin ilẹ̀ wọlé, wọ́n á wá léfòó sórí omi. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ gíríìsì kúrò lára irin wúwo ju omi lọ, ó máa ń rì kọjá omi lọ sísàlẹ̀. Òun ló le jù láti wá rí.

Lọ́dún 2011, àjọ UNEP gbé àbọ̀ ìwádìí wọn lórí ilẹ̀ Ògóni jáde, ọdún 18 lẹ́yìn tí Shell ti dáwọ́ epo wíwà dúró níbẹ̀. Ní Nisisioken Ogale, epo tó léfòó sórí omi abẹ́ ilẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Benzene, kẹ́míkà inú epo tó ń fa jẹjẹrẹ, wà nínú kànga táwọn èèyàn ń mu ní ìlọ́po tó lé ní 900 ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fi lélẹ̀. UNEP ní àtúnṣe gbogbo rẹ̀ lè gba ọdún 25 sí 30.

Àtúnṣe ọ̀hún, irú májèlé ló ń sọ bí yóò ṣe rí. Fún epo, wọ́n lè fa omi jáde kí wọ́n sẹ́ ẹ, tàbí kí wọ́n máa tú ilẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráyè wọ ọ́, kí àwọn kòkòrò tójú ò lè rí jẹ epo náà tán. Kòkòrò kankan ò lè jẹ òjé. Wọ́n ní láti wa iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò, tàbí kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ohun tí wọ́n ṣe ní Zamfara nìyẹn lọ́dún 2010, nígbà tí òjé inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà pa ọmọ tó lé ní 400. Wọ́n ha iyẹ̀pẹ̀ agbolé kúrò, wọ́n rì í síbi tó jìnnà, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ sípò rẹ̀. Àwọn dókítà MSF kì í fún ọmọ lóògùn àfìgbà tí wọ́n bá tún ilé rẹ̀ ṣe tán, nítorí bí ó bá padà sínú eruku yẹn, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lójú tèmi, ẹni tó ba ilẹ̀ jẹ́ ló yẹ kó sanwó, àmọ́ nílẹ̀ wa níbí, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ti lọ. Nítorí náà, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹ má kàn sọ fún láàbù pé kí wọ́n “yẹ omi wò”, torí kòkòrò nìkan ni wọ́n lè wá. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́: òjé bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ bátìrì, epo àti benzene bó bá jẹ́ ilé epo. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ dání pẹ̀lú. Bí ó bá burú, ẹ kọ̀wé sí NESREA tàbí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká.

Bí èsì bá ti sọ pé òjé wà nínú omi, ẹ wá omi mìíràn. Ẹ má wulẹ̀ sè é. Omi ló ń fẹ́ lọ bó ṣe ń hó, òjé á ṣẹ́kù sínú ìkòkò, yóò sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.