Kọ̀ǹpútà Fọ́tò àti Géèmù: Ibo Ló Yẹ Kí Owó Ẹgbẹ́ Wọlé Sí?

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàdo tàbí ti ibà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni, owó èésú sì ni pẹ̀lú.

Ìbéèrè ló wá sọ́dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ kan ti ń dá èésú láti èṣí. Ọmọ wọn kan ń ya fọ́tò ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ó ní kí wọ́n bá òun ra kọ̀ǹpútà tó lágbára. Lọ́sàn-án, òun á máa fi tún fọ́tò ṣe. Lálẹ́, àwọn ọ̀dọ́ á máa sanwó láti fi gbá bọ́ọ̀lù àti láti fi sáré mọ́tò orí ẹ̀rọ. Àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ wá ń bẹ̀rù. Wọ́n ní, "Bá a bá kówó lọ sí Kútọnu, ṣé kì í ṣe àpótí òfìfo ni wọn óò gbé lé wa lọ́wọ́?" Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀rù yín tọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

Kọ̀ǹpútà kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ẹ wò ó bí ilé ìdáná. Processeur ni alásè. Mémoire, tí àwọn ọmọ ń pè ní RAM, ni tábìlì tí alásè ń to nǹkan sí níwájú. Disque ni àká. Carte graphique ni ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń ya àwòrán kíákíá fún géèmù. Alimentation, àpótí iná tó wà nínú rẹ̀, ni ààrò. Bí ààrò bá bàjẹ́, alásè tó dára jù lọ ò lè rí nǹkan kan ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ alásè, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí à ń rà ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní Yúróòpù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọlọ́jà á pariwo pé, "i7 ni o, i7!" Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Nínú i5-8500, 8 tó wà níwájú ló ń sọ pé ìran kẹjọ ni. Nínú i5-10400, ìran kẹwàá ni. i7-2600 jẹ́ ìran kejì, ó ti jáde láti ọdún 2011, i5-8500 tó jáde ní 2018 sì yá jù ú lọ, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Kí ló fà á tí ìran fi ṣe pàtàkì? Ilé iṣẹ́ Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè pé kí processeur Intel jẹ́ ìran kẹjọ sókè, tàbí Ryzen 2000 sókè ní ti AMD. Ẹ̀rọ tí kò tó bẹ́ẹ̀ ṣì lè tàn, àmọ́ kò ní máa gba àtúnṣe ààbò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ń já wálẹ̀ lọ́jà, tí wọ́n á sì máa sọ fún yín pé orí ló bá yín ṣe é.

Ní ti RAM, 16 Go tó fún fọ́tò. Ẹyọ méjì tó jẹ́ 8 dára ju ẹyọ kan tó jẹ́ 16 lọ, torí méjèèjì á jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. DDR3 ò lè wọ ojú ihò DDR4. Bí ẹnì kan bá ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àká wá ńkọ́? SSD ni kí Windows àti iṣẹ́ ọwọ́ wà lórí rẹ̀. Disque dur àtijọ́, ibi ìpamọ́ nìkan ló bá a mu. Fọ́tò RAW kan láti inú ẹ̀rọ mégápíksẹ́lì 24 lè tó 25 Mo tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún fọ́tò ìgbéyàwó kan ṣoṣo, 25 Go nìyẹn. Ibi méjì ni kí wọ́n máa pa á mọ́ sí, torí ìyàwó ò ní tún gbéyàwó nítorí pé disque kú. Ẹ sì ṣọ́ra fún clé USB tí wọ́n kọ 2 To sí lára tó wá lówó pọ́ọ́kú. Ayédèrú pọ̀ nínú wọn: á gba gbogbo fọ́tò yín, orúkọ wọn á hàn, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè ṣí wọn. Ẹ̀rọ ìdánwò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ H2testw, tó máa ń kún un dé ẹnu tí á sì kà á padà.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí jù rèé: ojú kọ̀ǹpútà, écran. Gbogbo èèyàn ló ń bèèrè processeur, kò sẹ́ni tó ń bèèrè écran. Bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ni alágbàfọ́tò fi ń rí àwọ̀ ara wa. Bí écran bá ń fa búlúù, àwọ̀ dúdú wa á dà bí ẹni tí eérú bà. Ọmọ náà á wá fi pupa kún un títí yóò fi dára lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde, ìyá ìyàwó á pupa bí osùn, ó sì máa bínú. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ń pè ní IPS. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ tún wò ó. Bí àwọ̀ bá ń yí padà bí ẹ ṣe ń rìn, TN ni, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tẹ ìwé. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ mú fọ́tò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde dáadáa àti fáìlì rẹ̀ nínú USB. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹgbẹ́ ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ écran sábà máa ń pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí ìwé fi ń jáde dúdú. Ẹ dín in kù.

Carte graphique, ọ̀gá àwọn ọmọ géèmù. Fún fọ́tò, kékeré tó. Fún géèmù, ó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù àti ìje mọ́tò ò nílò èyí tó ń jẹ iná bí ẹ̀rọ ìlọta. Ayédèrú wà níbí náà: wọ́n gba carte àtijọ́, wọ́n yí ọkàn rẹ̀ padà, ó wá ń pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti. GPU-Z, ọ̀fẹ́ lòun náà, máa ń tú u fó. Ẹ tún mọ̀ pé nígbà tí Ethereum dáwọ́ ìwà owó orí ẹ̀rọ dúró ní oṣù kẹsàn-án 2022, ọ̀pọ̀ carte tó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru bọ́ sọ́jà. Gbogbo wọn kọ́ ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí fáánù wọn.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kékeré tún ní páńpẹ́. Carte tó ga ò lè wọ inú rẹ̀, alimentation rẹ̀ kì í sì í sábà ní wáyà tí carte ńlá ń béèrè. Ẹ ra èyí tó ga, tí wọ́n ń pè ní tour.

Mo ti jìyà alimentation rí. Ọdún kan, mo ra ọ̀kan tó fúyẹ́ bí ọ̀pá ìrẹsì, 500 W ni wọ́n kọ sí i. Iná lọ, iná dé, èéfín jáde, ó sì gbé disque mi lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fọwọ́ wọn ìwúwo rẹ̀ kí n tó sanwó. Ẹ tún ra onduleur. Ẹ má gbé àpótí náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á dí i nímú.

Bó bá jẹ́ èmi, tí mo bá pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́wàá, mẹ́rin á lọ sí àpótí pẹ̀lú RAM, méjì sí écran, méjì sí disque, méjì sí iná, ìyẹn alimentation àti onduleur. Ẹ rí i pé n kò dárúkọ carte.

Lọ́jà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ààbọ̀ wákàtí kẹ́ ẹ tó san gbogbo owó. Kí nọ́ńbà ara rẹ̀ wà lórí rìsíìtì. Ní ti ilé géèmù, ẹ yan wákàtí tí àwọn ọmọdé ò gbọ́dọ̀ kọjá, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Èyí tó bá kú, ẹ má sun wáyà rẹ̀ torí bàbà. Májèlé ni èéfín rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tó kọ̀wé sí wa, ìdáhùn wa rèé: ẹ ra á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fi fọ́tò ṣiṣẹ́ ní gbogbo àsìkò ìgbéyàwó yìí ná. Ihò carte graphique á wà níbẹ̀ ní òfìfo. Owó fọ́tò ni kí ó fi rà á.