Ẹ̀FỌ́ GBÍGBÌN LÁTI ÀKỌ́RỌ̀ ÒJÒ TÍTÍ DÉ INÚ Ẹ̀Ẹ̀RÙN

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ni a mú wá fún yín nínú ìwé yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àárín Ìbàdàn àtijọ́, ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó, Bẹ́yẹrúnkà àti agbègbè wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ dáadáa, ẹ̀fọ́ a máa kún Ọjà'ba. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹlẹ́fọ̀ọ́ a máa bẹ oníbàárà kí ó kó o ní owó pọ́ọ́kú, nítorí pé tẹ̀tẹ̀ kò ṣe é fi pa mọ́ di ọ̀túnla. Ní oṣù kejì ọdún, ìdì ẹ̀fọ́ a máa kéré, owó rẹ̀ a sì wọ́n. Ewé kan náà ni. Omi ni kò sí mọ́. Àgbẹ̀ tí ó bá mọ ohun tí ó yẹ ní àsìkò kọ̀ọ̀kan ni yóò jèrè nínú òjò, tí yóò tún jèrè nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

ILẸ̀ WO NI KÍ A LÒ?

Láti ìgbà tí àwọn jagunjagun ti tẹ Ìbàdàn dó, ní nǹkan bí ọdún 1829, ìgboro ni àwọn baba wa kọ́ ilé sí, oko wọn sì wà lẹ́yìn odi. Ẹ̀fọ́ ọbẹ̀ ni wọ́n ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé àti ẹ̀gbẹ́ àkìtàn. Tẹ̀tẹ̀ tí ó hù ní àkìtàn ìgbà náà dára, nítorí pé eérú, èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni wọ́n ń dà síbẹ̀.

Àkìtàn àná kọ́ ni àkìtàn òní. Bátìrì mọ́tò, agolo ọ̀dà, epo tí wọ́n yọ nínú ẹ́ńjìnnì àti ọ̀rá ni ó kún un nísinsìnyí. Òjé wà nínú bátìrì mọ́tò. Bí ó bá wọ inú ilẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀fọ́ lè fà á sínú ewé. A kò lè fi omi fọ èyí tí ó ti wọ inú ewé, iná ìdáná kò sì lè pa á. Ọpọlọ àwọn ọmọdé ni ó máa ń bà jẹ́ jù. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbin ẹ̀fọ́ sí orí àkìtàn ìgboro tàbí sí ibi tí mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́, bí ewé ibẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Bákan náà ni bèbè odò Ògùnpa àti Kúdẹtì láàárín ìgboro. Omi ìdọ̀tí ilé ni ó ń ṣàn wọ inú wọn. Ẹni tí ó bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ rin ẹ̀fọ́ lè kó onígbáméjì àti aràn ran ará ilé rẹ̀ àti oníbàárà rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé omíyalé ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Ògùnpa kún tí ó gbé ilé àti ènìyàn lọ. Omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ẹ jìnnà sí ojú ọ̀nà omi.

Níbo wá ni kí a gbìn ín sí?

(1) Inú agboolé: Àpò ìrẹsì àti abọ́ fífọ́ tí a lu ihò sí nídìí dára fún tẹ̀tẹ̀, ata àti ẹfinrin. Ewúro ṣe é gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Ibi tí oòrùn ti ń ràn fún wákàtí 6 lójúmọ́ ni kí ẹ gbé wọn sí.

(2) Àkúrò tí a háyà ní ẹ̀yìn ìlú: Ibí ni owó wà, ibẹ̀ náà ni ìjà wà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ti tún ilẹ̀ ṣe tán kí onílẹ̀ tó tà á fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé. Kí ẹ tó ti ọkọ́ bọ̀ ọ́, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, iye ọdún àti iye owó, kí olórí ẹgbẹ́ yín sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

(3) Oko ìdílé: Ẹni tí ó ní oko ní abúlé lè ya igun kan tí ó súnmọ́ omi sọ́tọ̀ fún ẹ̀fọ́.

ÀKỌ́RỌ̀ ÒJÒ: OṢÙ KẸTA SÍ OṢÙ KEJE

Ẹ kọ ebè pẹrẹsẹ tí ó fẹ̀ tó mítà 1, tí ó gùn tó mítà 10, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ gbé e sókè tó ìka ọwọ́ gígùn méjì, kí omi òjò má baà dúró sí i. Ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn, kílò 10 sí 20 fún ebè kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú gbígbìn. Ìgbẹ́ tútù a máa jó gbòǹgbò.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kéré púpọ̀. Ẹ pò wọ́n mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n wọn, kí wọ́n má baà hù jọ sí ojú kan. Tẹ̀tẹ̀ ṣe é fà tu láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Ṣọkọ tó bíi ọ̀sẹ̀ 5 sí 7. Bí ẹ bá gé e tí ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, yóò tún rú.

Èèpo irúgbìn ewédú le, òun ni kì í jẹ́ kí ó hù. Ẹ di í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ fi omi tútù ṣàn án, ẹ sá a sí ìbòòji. Bí ó bá pẹ́ nínú omi náà, ó ti jinná nìyẹn.

Ilá ń fẹ́ àyè ẹsẹ̀ bàtà méjì láàárín ìlà àti ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín igi. Èyí tí ó tètè ń so, irú NHAe 47-4, wà lára irúgbìn tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIHORT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣìn, Ìbàdàn, ní ọdún 1975, ti ṣiṣẹ́ lé lórí.

Òjò a máa mú àrùn wá. Bí ẹ bá rí ẹfun funfun ní ẹ̀yìn ewé tẹ̀tẹ̀, ẹ tètè fa àwọn tí ó mú, ẹ gbé wọn jìnnà, kí ẹ sì dín àwọn tí ó kù kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn.

ÀRỌ̀KÚRÒ ÒJÒ: OṢÙ KẸJỌ SÍ OṢÙ KẸWÀÁ

Òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Àsìkò yìí ni kí ẹ tọ́jú ọmọ tòmátì àti ata sábẹ́ ìbòòji, kí ẹ lè lọ́ wọn sí ebè ní oṣù kẹsàn-án. Tòmátì tí a gbìn láàárín òjò ńlá a máa rọ, a máa jẹrà. Èyí tí ó bá gbó lẹ́yìn àrọ̀kúrò ni ó ń là á já. Ẹ tún gba irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yín pa mọ́ láti ara igi tí ó lágbára jù. Ẹ má ṣe jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀Ẹ̀RÙN: OṢÙ KỌKÀNLÁ SÍ OṢÙ KEJÌ

Kí ẹ tó gbin ohunkóhun, ẹ ṣírò omi. Ebè kan tí ó jẹ́ mítà 1 sí mítà 10 yóò mu tó lítà 50 lójúmọ́, èyí ni agolo ìbomirin lítà 10 márùn-ún. Ebè mẹ́rin jẹ́ agolo 20, lójoojúmọ́, títí di ọjọ́ tí ẹ ó kó o. Bí apá yín kò bá ká a, ebè méjì tí ó yè sàn ju mẹ́rin tí ó gbẹ lọ. Ẹ má ṣe gbé ebè ẹ̀ẹ̀rùn ga. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i lójú, kí oòrùn àti ọyẹ́ má baà fa omi rẹ̀ gbẹ. Ẹ bomi rin ín láàárọ̀ kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́. Kànga àkúrò ni kí ẹ lò, kí ó sì jìnnà sí ilé ìgbẹ́ tó mítà 30 ó kéré tán.

KÒKÒRÒ ÀTI OÒGÙN

Tata ni ọ̀tá ẹ̀ẹ̀rùn. Inú ilẹ̀ abẹ́ igbó tí ó ní òjìji ni ó ń yé ẹyin sí. Bí ẹ bá wú ibẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, oòrùn yóò pa ẹyin náà. Fún kòkòrò ajewé, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́.

A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi oògùn kòkó tàbí oògùn ẹ̀fọn fọ́n ẹ̀fọ́. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré oògùn DDVP ní gbangba ọjà, nítorí àwọn tí ó ń ṣì í lò. Bí ẹ bá ra oògùn tí a ṣe fún ẹ̀fọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó mọ̀wé ka iye ọjọ́ tí ó yẹ kí ẹ dúró kí ẹ tó kórè. Ẹni tí ó fọ́n oògùn lánàá tí ó kórè lónìí, májèlé ni ó ń gbé lọ sí ọjà. Ọmọ tirẹ̀ náà lè rà á jẹ.

IṢẸ́ ẸGBẸ́

Ẹ má ṣe fọ́n gbogbo ebè yín ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó ní ebè mẹ́rin, kí ó máa fọ́n ọ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí èyí tí ó kọ́kọ́ fọ́n bá tó fà tu ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, yóò máa rí ebè kan kó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò sì tún un gbìn. Kí ẹgbẹ́ náà pín in: kí àwọn kan mójú tó ewédú, kí àwọn kan mójú tó ilá àti ata. Báyìí ni ẹ kò fi ní jọ gbé tẹ̀tẹ̀ dé Ọjà'ba ní òwúrọ̀ kan náà kí owó rẹ̀ má baà já wálẹ̀. Ẹ̀rọ ìfami kan tí ènìyàn mẹ́wàá dáwó rà yóò gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọrùn lọ́wọ́ agolo omi.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí siwájú ìpàdé ẹgbẹ́ yín tí ń bọ̀, kí ẹ sì kà á sí etí àwọn tí kò mọ̀wé. A kò ní fi ọwọ́ òfo ti oko dé o.