Ọkọ Ń Bẹ Ní Lọ́ńdọ̀nù, Aya Ń Bẹ Ní Ìkòròdú



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, ìyá ìbejì kan wá bá mi ní mọ́sáláṣí ní Ìkòròdú. Ó ní: "Àáfà, ẹ gbà mí. Ìgbà Iléyá ọdún 2024 ni bàbá ìbejì ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ojoojúmọ́ ni ó ń sọ pé físà wa ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n kó àwọn ọmọ wá sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn aládùúgbò ní ó ti fẹ́ òyìnbó."

Mo bi í pé irú ìwé wo ni ọkọ rẹ̀ bá lọ. Kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ó pè é lójú mi. Ọkọ náà dákẹ́ pẹ́, ó wá wí pé: "Àáfà, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo bá wá. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ òótọ́."

Ẹ gbọ́ òótọ́ náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti pàṣẹ pé láti 11 March 2024, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá iṣẹ́ yìí lọ kò lè kó aya àti ọmọ dání mọ́. Físà tí obìnrin yìí ń retí kò sí lọ́nà rárá, àfi bí ọkọ bá rí iṣẹ́ mìíràn tí òfin fi àyè ìdílé sí. Ẹni tí ó sì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ pàápàá, wọ́n fi kún owó ọdún kan tí ó gbọ́dọ̀ máa wọlé fún un kí ó tó lè pe aya rẹ̀: ní 11 April 2024, ó kúrò ní £18,600, ó di £29,000.

Ìtàn sọ pé Sáyídínà Umar bi Hafsat ọmọ rẹ̀ léèrè bí obìnrin ti lè pẹ́ tó láìrí ọkọ. Àwọn kan ní oṣù mẹ́rin ni ó dá, àwọn kan ní mẹ́fà. Umar sì fi ìwọ̀n sí àkókò tí jagunjagun yóò lò kí ó tó wálé.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ sọ òótọ́ fún aya yín, ẹ fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, ẹ sì wálé bí àyè bá gbà. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má fi kún ẹkún ìyàwó. Ẹ̀yin aya tí ọ̀nà tiyín ṣí, ẹ tọ́jú ìwé yìgì. Ẹ má sì tètè lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, nítorí oṣù mẹ́fà péré ni ìwé rẹ̀ ń lò.

Ìyá ìbejì sunkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní ọkàn òun balẹ̀ ju ti àná lọ. Àwọn ọmọ wà ní ilé-ìwé wọn ní Ìkòròdú. Bí wọ́n bá gba ìsinmi, wọ́n a lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá wọn ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá wọn sì ti ń tu owó ọkọ̀ jọ láti wálé. Kí Ọlọ́run Ọba so gbogbo ìdílé tí ó pínyà pọ̀. Àmín.