Àlejò Tó Fi Ojú Rẹ̀ Ríran ní Nsukka

  

Inú ìpàdé ẹgbẹ́ wa ni ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìpàdé oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa mú ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá. Ọmọ náà wà ní SS2. Bàbá ní kí àwa àgbà bá òun bá a wí, nítorí pé bó bá ti ilé ìwé dé, ìdérí ìgò, agolo mílíìkì àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló máa ń ṣà kiri, abẹ́ ibùsùn rẹ̀ sì ti di ààtàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá ti kó wọn dà nù, ẹ̀ẹ̀mejì lọmọ tún lọ ṣà á. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ń bẹ̀rù pé bóyá ayé ló ń ṣe é.

A ní kí ọmọ náà lọ gbé ohun tó ń fi wọ́n ṣe wá. Nígbà tó dé, eégún ló gbé lọ́wọ́, tó ga tó ọmọ ọdún márùn-ún. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló fi rán aṣọ rẹ̀, ó gé e ní abala-abala bí ti eégún ilé wa, ó wá fi ìdérí ìgò tò yí orí rẹ̀ ká. Enugu ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, kò rí eégún ilé wa rí àfi nínú fíìmù. Gbogbo wa dákẹ́.

Ìyá kan tó ti pẹ́ ní Nsukka ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ máa na ọmọ yín o. Ohun tí bàbá ará Ghana yẹn fi di gbajúmọ̀ káàkiri ayé nìyẹn.”

Òótọ́ ni ìyá sọ. El Anatsui lorúkọ bàbá náà. Ìlú Anyako ní Ghana ni wọ́n ti bí i ní 1944, nínú ìdílé tí wọ́n ti ń hun aṣọ kente. Ní 1975 ló wá sí Nsukka láti kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Nàìjíríà, ó sì ń kọ́ni níbẹ̀ títí di 2011. Igi ló kọ́kọ́ ń gbẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí àwọn ará ìlú ń jù nù: ìdérí agolo mílíìkì, àti páànù onílùú tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, tó ti gbó. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ló rí àpò kan tó kún fún ìdérí ìgò ọtí nínú igbó lẹ́yìn ìlú. Ó gbé e lọ sílé.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe é. Wọ́n á lu ìdérí náà pẹrẹsẹ, wọ́n á ká òmíràn, wọ́n á lọ́ òmíràn, wọ́n á dá ihò sí i, wọ́n á sì fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ ó ní aṣọ òfì ni, tàbí kente: pupa, wúrà àti dúdú. Àwọn ọ̀dọ́ Nsukka ló kó jọ láti bá a so ó. Bàbá yìí tún rán wa létí pé ọtí wà lára ohun tí òyìnbó kó wá sí etíkun wa láti fi ra ẹrú. Ìdérí yẹn ní ìtàn nínú.

Níbo ni iṣẹ́ náà dé? Méjì nínú àwọn aṣọ onípáànù yìí, tó pè ní aṣọ ọkùnrin àti aṣọ obìnrin, wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2012, wọ́n ta ọ̀kan ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù, owó rẹ̀ lé ní 500,000 pọ́n-ùn. Ní 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice, ní Ítálì, fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Láti 2023 wọ 2024, iṣẹ́ rẹ̀ ló wà ní gbọ̀ngàn ńlá Tate Modern.

Kì í ṣe òun nìkan. Bright Ugochukwu Eke, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nsukka, fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà rán ẹ̀wù òjò àti agbòòrùn. Dilomprizulike, ọmọ bíbí Enugu, kó àkísà àti páńtí jọ, ó fi wọ́n ṣe àwọn èèyàn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Àwọn baba wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ̀yin èèyàn wa, àlejò ni Anatsui bí àwa náà ṣe jẹ́ àlejò. Òun fi ojú tirẹ̀ ríran. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ta ọtí láti ogún ọdún, inú gọ́tà là ń gbá ìdérí rẹ̀ sí. Kì í sì í ṣe ìdérí nìkan. A ń jẹ ata Nsukka tó ń ta sánsán, ṣé a ti bá àgbẹ̀ tó ń gbìn ín sọ̀rọ̀ rí? Eégún wọn, Odo àti Omabe, ń jáde, àwa ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ilé là ń wò, owó là ń kà, ọdún ń lọ. Ẹni tó bá ń gbé ìlú láìwo ìlú, kí ni yóò fi sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń lọ?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ ọmọ wa. Lọ́dún tó ń bọ̀ ni yóò gba fọ́ọ̀mù JAMB. Bàbá rẹ̀ ní òfin ni yóò kà, ọmọ ní iṣẹ́ ọnà. A bẹ bàbá títí, ó ní òun á rò ó. Kò tíì fèsì títí di àsìkò tí a ń kọ èyí. Ó dá wa lójú pé ìfẹ́ ọmọ ló ń bà á lẹ́rù. Ta ni yóò fẹ́ kí ọmọ òun máa ṣa páńtí nílẹ̀ onílẹ̀? Ṣùgbọ́n a bẹ̀ ẹ́ kó má da àpò yẹn nù lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì gbà.

Nígbà àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀, a ó to iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa sí gbangba, a ó sì pe àwọn onílé wa kí wọ́n wá wò ó. Eégún ọlọ́ràá yẹn ni yóò wà níwájú. Ẹ̀yin òbí, ẹ wo abẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ yín kẹ́ ẹ tó gbá a.